Òfin Àyípadà Ojú-Ọjọ́ ọdún 2021 àti iná gáàsì tí kò kú

Oṣù kọkànlá, ọdún 2021, ni Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu Òfin Àyípadà Ojú-Ọjọ́. Ohun tí òfin náà ń lépa ni pé láàárín ọdún 2050 sí 2070, èéfín amáyégbóná tí Nàìjíríà ń tú sójú ọ̀run kò ní í ju èyí tí wọ́n lè fà padà lọ. Ààrẹ fúnra rẹ̀ ni alága ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó o. Ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ní òṣìṣẹ́ 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ yan ẹni tí yóò máa jábọ̀ lọ́dọọdún lórí bí wọ́n ṣe ń dín èéfín kù.

Ṣùgbọ́n òfin kan ti ṣáájú èyí. Òfin ọdún 1979 ní kí ilé-iṣẹ́ epo yéé dáná sun gáàsì láti ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1984, àfi pẹ̀lú àṣẹ mínísítà. Lọ́dún 2005, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nílùú Benin dájọ́ pé iná gáàsì ní Iwherekan tako ẹ̀tọ́ àwọn ará ibẹ̀ láti wà láàyè. Síbẹ̀, iná ṣì ń jó ní Niger Delta.

Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Bí ìgbìmọ̀ bá ń gba ìjábọ̀, tó sì ń bu owó ìtanràn lé arúfin, nígbà náà ni òfin 2021 yóò yàtọ̀ sí ti 1979.