Ọmọ Yè, Kíndìnrín Rẹ̀ Ńkọ́?

Ọmọ tó bá wọ ọsibítù tó sì jáde láàyè, ọpẹ́ ló yẹ. Ní Àkúrẹ́ àti ní ìlú Oǹdó, gbogbo ará ilé á máa kí ìyá ọmọ pé, "Ẹ kú ewu o, Ọlọ́run ò ní í jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀." Ìyá á ju káàdì ọsibítù sísàlẹ̀ àpótí, ó parí. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí kì í parí bẹ́ẹ̀. Inú kíndìnrín ló ń gbé. Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí kíndìnrín ń ṣe. Méjì ni, ẹ̀yìn ni wọ́n wà, lábẹ́ egungun ìhà. Àwọn ni asẹ́ ara: wọ́n ń sẹ́ ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ń dà á sínú ìtọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó sábà ń dá iṣẹ́ yìí dúró lójijì lára ọmọdé ni ibà líle tó ń fọ́ ẹ̀jẹ̀, tí ìtọ̀ á dúdú bíi kóòkì. Kòkòrò àrùn tó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru tó bá fa omi ara gbẹ. Àti oògùn tí kò tọ́. Ìtọ̀ á dín, tàbí kó má wá mọ́ rárá. Ojú á wú, ara ọmọ á rọ jọwọrọ.

Kì í ṣe òní ni àwọn dókítà wa ti ń bá kíndìnrín ọmọdé yí. Ọdún 1957 ni wọ́n ṣí UCH ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni Ralph Hendrickse, dókítà ọmọdé tó wá láti South Africa, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí àwọn ọmọ tí ara wọn ń wú, tí èròjà púrótéènì ń bá ìtọ̀ wọn jáde. Wọ́n tọ ipa rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ irú ibà kan tó máa ń gbóná padà ní ọjọ́ kẹrin-kẹrin. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé wọ́n á lé ibà lọ, kíndìnrín á ṣì máa bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: ohun tó dá ọgbẹ́ sílẹ̀ lè lọ, kí ọgbẹ́ má lọ.

Tìyẹn ń rọra ṣe é ni. Àwọn mìíràn wá lójijì. Ní 1990, wọ́n fi kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ diethylene glycol po oògùn parasitamọ́ọ̀lù olómi. Wọ́n gbé ọmọ 47 tí wọn ò lè tọ̀ wá sí ọsibítù yunifásítì Jọ́ọ̀sì. Gbogbo wọn ló kú. Bẹ́ẹ̀ májèlé yìí kan náà ti pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún ní Amẹ́ríkà ní 1937, òun ló sì mú kí wọ́n ṣòfin oògùn tuntun níbẹ̀ ní 1938. Àwa náà dá NAFDAC sílẹ̀ ní 1993. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá 2008, ó tún dé, inú oògùn eyín ọmọdé tí wọ́n ń pè ní My Pikin ló fara pamọ́ sí lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì 2009, ọmọ 84 ti lọ. Ní 2013, ilé ẹjọ́ kan ní Èkó dá ẹ̀wọ̀n ọdún méje fún òṣìṣẹ́ méjì nílé iṣẹ́ tó ṣe é.

Òkú la kà o. Àwọn tó yè ńkọ́? Fún ìgbà pípẹ́, àwọn dókítà pàápàá gbà pé kíndìnrín tó bá ti ń ṣe ìtọ̀ padà ti san nìyẹn. Ìwádìí nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ọmọ. Asẹ́ wẹ́wẹ́ tó wà nínú kíndìnrín kan tó bíi mílíọ̀nù kan, èyí tó bá sì kú nínú wọn kì í hù mọ́. Ó dà bí oko tí lébìrà mẹ́wàá ń ro. Bí márùn-ún bá lọ, márùn-ún tó kù á ro ó, oko á mọ́, ẹni tó ń kọjá ò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n títí dìgbà wo? Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó á rẹ àwọn náà. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í ru, púrótéènì á máa jò sínú ìtọ̀, kò sì ní í dùn ún níbì kankan. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kíndìnrín lágbàáyé fi kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ní 2012 pé kí wọ́n tún yẹ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wò ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà.

Nígbà kan, ọmọ Àkúrẹ́ tí kíndìnrín rẹ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, Ilé-Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn ni wọ́n sábà ń gbé e lọ. Ní Ìbàdàn, bí rọ́bà tó yẹ ò bá sí, àwọn dókítà á wá ọgbọ́n dá sí rọ́bà mìíràn, wọ́n á fi da omi sínú ikùn ọmọ, wọ́n á fà á jáde tìdọ̀tí-tìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ibẹ̀ yè. Ní 2010, nígbà ìjọba Olúṣẹ́gun Mímikò, wọ́n ṣí ọsibítù ìyá àti ọmọ ní Àkúrẹ́. Ìlú Oǹdó náà ní tirẹ̀ lẹ́yìn náà. Ilé ìtọ́jú kíndìnrín wà ní Oǹdó, yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn sì ti wà níbẹ̀ láti 2015.

Ọ̀nà ti kúrú. Àmọ́ ilé ò lè wá ọmọ kiri. Ọmọ la ó gbé lọ bá ilé. Owó ńlá ni fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀, ó ti ba ilé ẹlòmíràn jẹ́. Àyẹ̀wò ìtọ̀ àti wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru ò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ tọ́jú káàdì yẹn. Ẹ gbé ọmọ padà ní oṣù mẹ́ta, kẹ́ ẹ sì bi dókítà léèrè ìgbà tí ẹ ó tún wá. Ibikíbi tí ọmọ náà bá tún ti ṣàìsàn, ẹ sọ pé kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ rí, kí wọ́n lè mọ oògùn tí wọn ò ní fún un. Ẹ má ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Màmá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àgbo ó sinmi.

Ẹni tó bá dúró de ìrora kó tó lọ sí ọsibítù, ó lè pẹ́ jù. Kíndìnrín kì í pariwo.