Kí Òkun Tó Gbé Ṣọ́ọ̀ṣì Lọ

Ní ọdún 1925, ohun méjì ṣẹlẹ̀ nílùú Èkó. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì fi òkúta ìpìlẹ̀ kàtídírà Marina lélẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, Moses Orímọládé àti Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀. Kàtídírà dúró sí Èkó, ẹgbẹ́ Séráfù tàn dé etíkun Ìlàjẹ níbi tí Ugbonla wà.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́lé níbi méjèèjì yàtọ̀ síra. Bagan Benjamin ya kàtídírà sórí ìwé kí wọ́n tó kọ́ ọ, ọdún 1946 ni iṣẹ́ sì parí. Lórí ẹrẹ̀ Ìlàjẹ ńkọ́? Káfíńtà a ri òpó igi mọ́lẹ̀, a tẹ́ pákó lé e, a kan ilé Ọlọ́run síbẹ̀. Inú orí rẹ̀ ni gbogbo ètò wà. Bí bàbá káfíńtà bá kú, ètò bá a lọ nìyẹn. Àwa tí à ń kọ sọ́fítíwià mọ ohun tí wọ́n ń pe irú èyí: kò sí backup.

Ẹ wo Ayétòrò, tí àwọn tó yapa kúrò nínú ìjọ Kérúbù àti Séráfù tẹ̀ dó ní 1947 ní etíkun kan náà. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ níbẹ̀, kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ṣé òkun tó ń gbé ilé máa fo ṣọ́ọ̀ṣì ni?

Ẹ wá wo Paris. Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin 2019, iná jó òrùlé Notre-Dame. Àmọ́ ní 2014, Rémi Fromont àti Cédric Trentesaux ti gun òkè àjà náà, wọ́n wọn igi òrùlé, wọ́n sì fọwọ́ yà á sórí ìwé. Àwòrán wọn wà lára ohun tí àwọn káfíńtà tẹ̀ lé. Ní oṣù kejìlá 2024, ṣọ́ọ̀ṣì náà tún ṣí.

Fótò fóònù dáa, ṣùgbọ́n kì í sọ bí igi kan ṣe wọnú èkejì. Ẹni tó ń fi pẹ́ńsùlù yàwòrán gbọ́dọ̀ wọn òpó, kó sì bi káfíńtà ní ìdí tó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ìtàn ti ń jáde.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìlàjẹ, àti ẹnikẹ́ni tí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà ládùúgbò rẹ̀, ẹ mú pẹ́ńsùlù, téèpù àti ìwé. Ẹ ya ilẹ̀ ilé náà bí ẹni ń wò ó látòkè, ẹ ya iwájú, ẹ ya òrùlé látinú. Ẹ kọ ìwọ̀n, ọjọ́, orúkọ abúlé, àti bó ṣe jìnnà sómi tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ya fótò ìwé yẹn, ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí omi bá dé, káfíńtà tó máa tún un kọ́ síbòmíì á rí nǹkan tẹ̀ lé.