Gílóòbù Tí Kì Í Fa Iná Púpọ̀: Ojúlówó àti Àlòpẹ́ Rẹ̀ Nínú Ilé

Oríṣi méjì ni gílóòbù tí kì í fa iná púpọ̀: èkíní ni èyí tí a lọ́ bí ìkarahun ìgbín, tí afẹ́fẹ́ àti mẹ́kúrì wà nínú ọ̀pá dígí rẹ̀, tí àwọn ará ọjà ń pè ní ẹ́nájì sévà, èkejì ni LED, tí àwọn hóró kékeré inú rẹ̀ ń mọ́lẹ̀ bí iná bá gbà wọ́n kọjá. Gílóòbù àtijọ́, tí wáyà tín-ín-rín inú rẹ̀ ní láti pọ́n kí ó tó mọ́lẹ̀, a máa sọ ohun tí ó ju ìdá 90 nínú 100 iná tí ó bá fà di ooru lásán. Nítorí náà, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń fi wáàtì 60 tàn, wáàtì 13 sí 15 ni ẹ́nájì sévà fi ń tàn án, LED sì ń fi 8 sí 10 tàn án.

Ní 1976 ni Edward Hammer, onímọ̀ ẹ̀rọ ní General Electric ní Amẹ́ríkà, rí ọgbọ́n àtilọ́ ọ̀pá dígí ẹ́nájì sévà, ṣùgbọ́n owó gọbọi tí ẹ̀rọ tí yóò máa lọ́ ọ yóò gbà kò jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ náà gbé e jáde. LED pupa ti wà láti 1962. LED búlúù, tí ó mú kí ìmọ́lẹ̀ funfun ṣeé ṣe, ni Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura tìtorí rẹ̀ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Ìjọba Kúbà pààrọ̀ gílóòbù àtijọ́ bíi mílíọ̀nù 9 sí ẹ́nájì sévà fún àwọn ará ìlú ní 2005 àti 2006. Lẹ́yìn náà ni òun àti ECOWAS ran Nàìjíríà lọ́wọ́ láti pín ẹ́nájì sévà mílíọ̀nù 1.

Ọ̀rọ̀ àlòpẹ́ ni ó gba àròjinlẹ̀ jù, nítorí iye wákàtí tí a kọ sára páálí kì í ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni tí ó bá rà á. Bí páálí ẹ́nájì sévà bá wí pé 8,000, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé nígbà tí wákàtí náà bá fi pé, ìdajì àwọn tí a tàn fún ìdánwò yóò ti jó. Bí ti LED bá wí pé 25,000, àkókò tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ti rẹlẹ̀ dé ìdá 70 nínú 100 ti ìgbà titun ni wọ́n sábà ń wí. LED fúnra rẹ̀ kì í tètè jó. Ẹ̀rọ kékeré ọrùn gílóòbù, tí ń sọ iná mànàmáná di èyí tí LED lè gbà, ni ó máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, pàápàá kàpásítọ̀ inú rẹ̀, tí omi ara rẹ̀ ń gbẹ díẹ̀díẹ̀ bí ooru ti ń mú un lábẹ́ ìdérí gíláàsì tí a dé pinpin. Ẹni tí ó bá tú èyí tí ó ti jó yóò rí àwo alumíníọ̀mù tí a to hóró LED aláwọ̀ ìyeyè sí lórí. Nígbà mìíràn, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni yóò ní àmì dúdú bíńtín, ṣùgbọ́n nítorí pé iná ní láti ti ara ọ̀kan bọ́ sí èkejì, ikú ọ̀kan a di ikú gbogbo wọn. Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: lórí àtẹ, èyí tí alumíníọ̀mù rẹ̀ nípọn àti èyí tí tirẹ̀ fẹ́lẹ́ kò yàtọ̀ lójú, àfi bí a bá gbé wọn lọ́wọ́ wò. Ní ti ẹ́nájì sévà, títàn àti pípa lemọ́lemọ́ ni ọ̀tá rẹ̀, ìdí nìyí tí kì í fi í pẹ́ ní balùwẹ̀.

Àríyànjiyàn wà lórí ẹni tí a óò dá lẹ́bi nígbà tí gílóòbù bá jó láìpé ọjọ́ ní ilé wa. Òǹtajà a ní iná ni kò dúró sójú kan, tí ó ń fò kọjá fólítì 230 nígbà tí wọ́n bá mú un dé. Òǹrajà a ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Òótọ́ ni pé iná tí ó fò sókè lè ba ẹ̀rọ ọrùn náà jẹ́, òótọ́ sì ni pé a kò fi ohun ìdáàbòbò kankan sínú àwọn mìíràn. Ṣùgbọ́n láìṣe ìdánwò, ó ṣòro láti sọ èyí tí ó pa gílóòbù kan pàtó. Ní tiwa, èyí tí òǹtajà kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí fún ọdún kan kò yẹ ní rírà.

Nọ́ńbà mìíràn tí ó máa ń wà lára páálí ni ti Kelvin, tí a fi ń wọn àwọ̀ ìmọ́lẹ̀: 2,700 a pọ́n díẹ̀, 6,500 a funfun gbòò.

Mẹ́kúrì inú ẹ́nájì sévà kò ju mílígírámù díẹ̀ lọ, síbẹ̀ májèlé ni. Bí ó bá fọ́, fèrèsé ni kí a kọ́kọ́ ṣí. Ní ìpàdé Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì ti 2022, àwọn orílẹ̀-èdè fẹnu kò pé kí ṣíṣe èyí tí wáàtì rẹ̀ kò ju 30 lọ, àti kíkó o wọ̀lú àti jáde, dópin ní 2025.