Oscar (Astronotus ocellatus)

Oscar, ẹja agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, jẹ́ ìbátan epìyà. Èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà kì í sábà ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n ó lè gùn kọjá sẹ̀ǹtímítà 30 bó bá dàgbà tán. Ìyà gidi ni àpótí kékeré tí a fi ń sin ẹja jẹ́ fún un. Lítà 280 ló kéré jù fún ẹyọ kan.

Omi rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní ìwọ̀n Celsius 24 sí 28. Ọ̀jẹun ni, ìgbẹ́ rẹ̀ sì pọ̀. Májèlé ammonia tó ń ti inú ẹ̀gbin náà wá kì í hàn sójú, nítorí náà ẹ̀rọ asẹ́mi gbọ́dọ̀ lágbára, kí a sì máa pààrọ̀ bí ìdá kan nínú mẹ́rin omi náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Oscar máa ń wa yanrìn, ó sì máa ń fa ewéko tu. Kí a fi ààbò bo ẹ̀rọ amómigbóná onígíláàsì, torí Oscar ńlá lè fọ́ ọ.