Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Ìtàn Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Mọ́tò ní Mainland

Mọ́tò kan tí a rí ní Sùúrùlérè ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ara rẹ̀ ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n kò ní ọwọ́ ilẹ̀kùn kankan níta. Ibi tí ọwọ́ yẹ kó wà ti di pẹrẹsẹ, ọ̀dà sì ti bò ó. Ẹni tó ni ín tẹ rìmóòtù, ilẹ̀kùn dún “kà,” ó sì ta síta fúnra rẹ̀. Láti ibẹ̀ dé Yaba ni a fi jiyàn. Àwọn kan nínú wa ní ọ̀làjú ni. Àwọn yòókù ní àfojúdi sí ikú ni. Nígbà tí iyàn kò tán, a ní ká wo ẹ̀yìn wò: ta ló ti ń ṣílẹ̀kùn mọ́tò ní Mainland láti ọjọ́ yìí wá, kí ló sì ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn kò bá ṣí?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ náà ni Nàìjíríà fi apá òsì títì sílẹ̀, tí gbogbo mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í gba apá ọ̀tún. Nínú ìwé ìtàn, ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń fi èyí ṣe. Ó kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú. Bọ́ọ̀sì tí ilẹ̀kùn èrò rẹ̀ wà lápá òsì ń sọ èrò sí etí títì ní àná. Tí wọn kò bá tún un ṣe, àárín títì ni yóò máa sọ wọ́n sí ní ọjọ́ kejì. Láti ìgbà yẹn ni ilẹ̀kùn danfo ti wà lápá ọ̀tún.

Ní 1975, ilé iṣẹ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ nílẹ̀ wa: Peugeot ní Kàdúná, Volkswagen ní Ojo, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì níbí ní Èkó. Peugeot 504 àti Volkswagen tí àwọn òbí wa ń pè ní ìjàpá kún ojú títì. Bí ọwọ́ ilẹ̀kùn wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Tí èèyàn bá fà á tàbí tó tẹ̀ ẹ́, irin kan nínú ikùn ilẹ̀kùn á sún ìdè tó di ilẹ̀kùn mú, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Kò sí wáyà níbẹ̀, kò sí ohun tó kàn án pẹ̀lú bátìrì. Mọ́tò ìbáà ti kú láti oṣù mẹ́fà, ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá sì bàjẹ́, mẹkáníìkì Mushin á tú u, á tẹ irin rẹ̀ tọ́, á dá a padà.

Ní ti danfo, ọwọ́ ilẹ̀kùn kì í pẹ́ láyé. Ilẹ̀kùn tí wọ́n ń fà ní gbogbo ibùdókọ̀ láti Ojúẹlẹ́gba dé Ìdí-Òrò, láti àárọ̀ dé òru, kò lè ṣe kó má gbó. Ọwọ́ á kọ́kọ́ já, ilẹ̀kùn á tẹ̀lé e, wọ́n á wá fi okùn so ó, tàbí kí wọ́n kúkú fi í sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kọ̀ndọ́ ló wá di ọwọ́ ilẹ̀kùn. Òun ló ń rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, òun ló ń sọ pé “ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o,” òun náà ló ń gbá ara ọkọ̀ kí dẹ́rẹ́bà lè dúró. Molue tiẹ̀ rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn oníwẹ́dà tó kan ara rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ Mercedes 911 fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ gbayawu, èrò sì ń bọ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró. Kì í ṣe pé a ń yin ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ló já bọ́ láti ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà molue kò nílò ọwọ́ ilẹ̀kùn kó tó ṣí.

Àwọn olè ló kọ́ wa ní apá kejì ẹ̀kọ́ náà. “Wọ́n ṣáǹsì,” tó jẹ́ igbe kọ̀ndọ́ pé àyè ẹnìkan ló kù, di orúkọ àwọn olè tó ń fi ọkọ̀ èrò ṣe pańpẹ́. Ọgbọ́n wọn kò ju ilẹ̀kùn lọ: ọkọ̀ tí a lè ṣí láti ìta, ṣùgbọ́n tí wọ́n ti yọ ọwọ́ inú rẹ̀ tàbí tí wọ́n ti tì í pa. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń sọ fún wa, nígbà tí a bá ń padà sí Akoka lálẹ́, pé ká tó jókòó dáadáa, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ilẹ̀kùn ń ṣí láti inú. Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ilẹ̀kùn ti kúrò lọ́rọ̀ ẹwà. Ẹni tó bá ni ọ̀nà àtijáde ló ni ẹ̀mí ara rẹ̀.

Lẹ́yìn 1986 tí SAP dé, tí náírà sì wálẹ̀, mọ́tò tuntun ga ju ọwọ́ òṣìṣẹ́ lọ. Tòkunbọ̀ ló kù. Wọ́n ń gba Kútọnu àti Tin Can wọlé, àwọn ẹ̀yà ara wọn sì ń dé ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, níbi tí orúkọ ẹ̀yà tí wọ́n ti lò rí fi di “Belgium” títí dòní, nítorí ibi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Inú tòkunbọ̀ yìí ni central lock bá dé ọ̀dọ̀ wa. Renault Fuego ọdún 1982 wà lára àwọn mọ́tò àkọ́kọ́ tí èèyàn lè fi rìmóòtù tì. Kò pẹ́ tí àwọn rìwáyà, ìyẹn àwọn tó ń ṣe iná mọ́tò, fi mọ bí wọ́n ṣe ń fi àláàmù àti rìmóòtù sí mọ́tò tí kò bá tiẹ̀ ní in tẹ́lẹ̀.

Ẹ fi ara balẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni iyàn wa ti dàrú. Central lock kì í ṣílẹ̀kùn. Àgádágodo nìkan ló ń ṣí. Ọwọ́ èèyàn ló ṣì ń fa ilẹ̀kùn. Bí bátìrì bá kú, ẹ lè ki kọ́kọ́rọ́ bọ ihò rẹ̀. Mọ́tò tí a rí ní Sùúrùlérè yàtọ̀. Ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ni solenoid, wáyà tí wọ́n wé bí òwú sára gọ́ọ̀bù. Tí iná bátìrì bá gba inú rẹ̀ kọjá, yóò fa irin tó wà láàárín rẹ̀ wọlé, irin náà á sì fa ìdè ilẹ̀kùn, iṣẹ́ tí ọwọ́ ilẹ̀kùn ń ṣe tẹ́lẹ̀ gan-an. Sípíríǹgì kan á wá ti ilẹ̀kùn síta. Pánẹ́lì bítà ti fi irin dí ihò ọwọ́ àti ihò kọ́kọ́rọ́, ó ti yún un dán, wọ́n sì ti kùn ún.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ọmọ Mushin. California ni wọ́n ti sọ ọ́ di àṣà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń ra mọ́tò àlòkù, tí àwọn oníṣẹ́ bíi Sam àti George Barris, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, ń gé e, tí wọ́n ń yọ gbogbo ohun tó bá ta gọngọ lára rẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi pamọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Rìmóòtù dé lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú kì í fi í mọ síbẹ̀. Wọ́n máa ń na okùn irin kan láti ara ìdè ilẹ̀kùn, wọ́n á fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ mọ́tò, kí ẹni tó ni ín lè fà á lọ́jọ́ tí iná bá kú.

Nígbà tí a bi rìwáyà kan ní Ládípọ̀ bóyá òun lè ṣe irú rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ yìí, kò sóhun tí a kì í ṣe. Ṣùgbọ́n níbo lẹ fẹ́ kí n gbé okùn jáde sí?” Ó ní mọ́tò tí omi òjò bá wọ̀, fíúsì rẹ̀ lè jó, mọ́tò tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bátìrì rẹ̀ lè kú. Ohun tó dé báàbá yẹn lójú iṣẹ́ ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń kọ́ báyìí.

Láti 2012 tí Tesla ti gbé Model S jáde pẹ̀lú ọwọ́ ilẹ̀kùn tó ń rì sínú ara mọ́tò, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ti tẹ̀lé e. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, àjọ ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí Model Y ti ọdún 2021, nítorí àwọn òbí kan sọ pé iná ọwọ́ ilẹ̀kùn kú nígbà tí ọmọ wọn wà nínú ọkọ̀, àwọn mìíràn sì ní láti fọ́ gíláàsì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2026, ìjọba Ṣáínà gbé òfin jáde pé láti oṣù kìíní 2027, mọ́tò tuntun gbọ́dọ̀ ní ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ lásán ṣí, nínú àti níta.

Níbi tí a parí iyàn wa sí rèé. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe mọ́tò rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wà níta kì í ṣe ti ẹni tó ni mọ́tò nìkan. Ó jẹ́ ti ẹni tó ń kọjá lọ lọ́jọ́ ìjàǹbá, tí kò ní rìmóòtù, tó sì fẹ́ fa yín jáde. Àwa ará Mainland mọ̀ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sáré bo mọ́tò tó bá dojú dé. Kí ni wọn yóò dì mú?

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ẹni tó bá fẹ́ fi iná ṣílẹ̀kùn, kó fi okùn sí i, kó fi ihò kọ́kọ́rọ́ kan sílẹ̀, kó sì fi ibẹ̀ han àwọn ará ilé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ̀yin tí ẹ wọ molue lọ sí kíláàsì, ẹ bá wa dá sí i. Irú ilẹ̀kùn wo lẹ bá pàdé nígbà tiyín?