Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́

Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, jẹ́ ìlú Yorùbá ní ẹkùn Collines, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Nǹkan bí 255 kìlómítà ló wà láàárín rẹ̀ àti Kútọnu, ilẹ̀ rẹ̀ sì bá Nàìjíríà pààlà níhà ìlà-oòrùn. Ohun tó ń jẹ ẹni tó ní mọ́tò níyà níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará ìlú mìíràn: epo, táyà, mẹkáníìkì, ìwé ọkọ̀. Ohun méjì ló mú ti Ṣábẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Títì ńlá tó ń lọ sí Niger gba ìlú náà kọjá, ọ̀pọ̀ epo tí mọ́tò ibẹ̀ ń mu kì í sì í ti Kútọnu wá. Inú igbó ló ń gbà wọlé láti Nàìjíríà.

Ìtàn ráńpẹ́

Ọkọ̀ ojú irin ló ṣáájú mọ́tò dé Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn Faransé ti fa irin débẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni irin náà sì mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó fà á dé Pàràkú, tí gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ 438 kìlómítà láti Kútọnu. Ní ọdún 1959 ni wọ́n dá àjọ OCBN sílẹ̀ fún Dahomey (orúkọ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà) àti Niger láti máa bójú tó o. Ó ti pẹ́ báyìí tí ọkọ̀ èrò kò ti rìn lórí irin yẹn mọ́. Títì RNIE 2, tó ti Kútọnu gba Bohicon, Ìdàáṣà àti Ṣábẹ̀ẹ́ lọ sí Pàràkú àti Malanville, ló gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Nígbà kan, Peugeot 504 ni ọba ojú ọ̀nà. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ náà pọ̀ ní ọdún 1975, nítorí náà ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibodè kò wá ẹ̀yà ara rẹ̀ títí. Lẹ́yìn 504 ni Toyota gbòde, pàápàá Carina àti Corolla, tí awakọ̀ èrò ṣì ń lò títí dòní.

Tòkunbọ̀ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mọ́tò wọ̀nyí. Èbúté Kútọnu jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí ọkọ̀ àlòkù ti ń wọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà jù lọ, Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń lọ. Nígbà tí wọ́n já iye owó CFA sí ìdajì ní oṣù Kìíní ọdún 1994, owó tòkunbọ̀ fò sókè lọ́wọ́ ará Bẹ̀nẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ní ìdà kejì, láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2017 ni Nàìjíríà ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ibodè orí ilẹ̀ wọlé. Ọjà àwọn oníṣòwò Kútọnu dín kù gidi, àmọ́ ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ lò ní Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀ rí ààyè dúnàádúrà.

Epo àti kpayo

Epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń fi fàyàwọ́ gbé wá láti Nàìjíríà ni gbogbo Bẹ̀nẹ̀ mọ̀ sí kpayo. Ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti ń tà á, nínú ìgò ọtí, nínú ìgò ńlá oníkùn róbótó àti nínú kẹ́ẹ̀gì. Àrọ kan àti aṣọ pélébé tí wọ́n fi ń sẹ́ ẹ ni gbogbo irinṣẹ́ ẹni tó ń tà á. Ohun tó mú un gbilẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba Nàìjíríà fi ń san owó ìrànwọ́ lórí epo, tí lítà kan níbẹ̀ sì fi dínwó púpọ̀ sí ti Bẹ̀nẹ̀. Bí èèyàn bá sì ti ń jìnnà sí etíkun ni ilé epo ń ṣọ̀wọ́n, tí kpayo sì wà ní gbogbo oríta.

Ìyẹn ni pé ìpinnu tí wọ́n bá ṣe ní Abùjá ló ń sọ iye tí awakọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ yóò ná. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè orí ilẹ̀ rẹ̀ pa. Ní oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tún pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín 20 kìlómítà sí ibodè. Kpayo wọ́n, ó sì gbówó lórí, ṣùgbọ́n kò tán títí wọ́n fi tún ibodè ṣí ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Èyí tó dun àwọn awakọ̀ jù ni ti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde lọ́jọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà tó jẹ́ nǹkan bí 185 náírà di 488 náírà ní Èkó, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Kpayo náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, àwọn tí kì í ya ilé epo tẹ́lẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò síbẹ̀.

Ewu rẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná ṣẹ́ yọ níbi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí ní Sèmè-Podji, ó kéré tán èèyàn 34 ló sì bá a lọ.

Bóyá kpayo ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹnu kò tíì kò lé lórí. Àwọn tó ń tà á ní orísun kan náà ni òun àti epo tí wọ́n ń tà nílé epo Nàìjíríà ti wá, wọn ò sì purọ́ nípa ibi tó ti wá. Àwọn mẹkáníìkì dáhùn pé ohun tó bá a pàdé lọ́nà ni kí á bi wọ́n: kẹ́rosíìnì tí wọ́n fi lú u, omi òjò, iyanrìn ìdí kẹ́ẹ̀gì. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ irú ọkọ̀ tí èèyàn ń wà. Ọkọ̀ àtijọ́ tó ní kabúrétọ̀ ṣeé tú, kí wọ́n fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì dá a padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà. Ìńjẹ́tọ̀ ọkọ̀ òde òní ní ihò tín-ín-tín-ín tí ìdọ̀tí díẹ̀ lè dí, páńpù epo rẹ̀ kò sì fẹ́ omi rárá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé epo ilé epo ti mọ́ nítorí pé ẹ̀rọ ni wọ́n fi tà á. Àjọ Public Eye ti Switzerland yẹ epo wò ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà mẹ́jọ, Bẹ̀nẹ̀ wà lára wọn. Àbọ̀ ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016 sọ pé súfúrì inú díísù tí wọ́n ń tà ní àwọn ilé epo ju 10 ppm tí Yúróòpù gbà láàyè lọ fíìfíì. Àjọ ECOWAS ti wá fẹnu kò sí 50 ppm láti oṣù Kìíní ọdún 2021.

Ìtọ́jú

Ekuru ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì, ọyẹ́ ń gbé eruku láti aṣálẹ̀ wá, ọ̀nà oko tó já sí títì sì jẹ́ yẹ̀pẹ̀ pupa. Fílítà afẹ́fẹ́ tí ìwé ọkọ̀ ní kí wọ́n pàrọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè pé ọdún nírú ibi bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti dí, ẹ́ńjìnnì yóò máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ, ẹni tó ni ín yóò sì máa di ẹ̀bi ru kpayo.

Omi kànga lásán tí ọ̀pọ̀ ń bù sínú rẹdíétọ̀ ń mú ìpata wọ ojú irin, ó sì ń sọ èérún sínú páìpù, ohun tó fi máa ń jẹ́ pé inú ooru oṣù Kẹta ni ọkọ̀ ń hó lójú ọ̀nà. Ọ́ìlì bíréèkì pẹ̀lú ní àrùn tirẹ̀, ó ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ó yẹ kí wọ́n pàrọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì méjì, bí bíréèkì tilẹ̀ ń mú dáadáa.

Táyà ló yẹ kí á dúró lé lórí díẹ̀, nítorí táyà tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà. Kí á má wo bí eyín rẹ̀ ṣe jinlẹ̀ tó nìkan. Lára táyà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níparí: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Rọ́bà ń gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó, èyí tó bá ti pé ọdún mẹ́wàá kò sì yẹ lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ tó ń sáré lórí RNIE 2. Ọ̀nà yẹn kò ṣeé fi ṣeré, torí pé ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sókè àti bọ́ọ̀sì tó ń fi òru rìn ló jọ ń lò ó. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, bọ́ọ̀sì kan àti ọkọ̀ akẹ́rù kan forí sọ ara wọn nítòsí Ìdàáṣà, èèyàn tó lé ní 20 ló sì kú.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ni mẹkáníìkì ti ń kọ́ṣẹ́, etí ni wọ́n sì fi ń mọ àìsàn ọkọ̀. Ìyẹn tó fún 504. Àmọ́ Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 1996, Yúróòpù náà láti ọdún 2001 fún ọkọ̀ bẹntiróòlù, pé kí ihò tí wọ́n ń ki ẹ̀rọ àyẹ̀wò bọ̀ wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mẹkáníìkì tó bá ní ẹ̀rọ kékeré náà kì í fi méfò pàrọ̀ ẹ̀yà ọkọ̀.

Ìwé ọkọ̀ àti owó ọ̀nà

Carte grise (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀), ìwé adójútòfò, ìwé visite technique (àyẹ̀wò ọkọ̀) àti owó orí mọ́tò (TVM) ni ọlọ́pàá ń béèrè. Àjọ ANaTT ló ń fúnni ní nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé ìwakọ̀. Ní Diho, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́, ni wọ́n ti ń gba owó ọ̀nà.

Mọ́tò oníná

Alùpùpù ló gba iwájú mọ́tò lórí ọ̀rọ̀ iná ní Bẹ̀nẹ̀. Láti ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ M Auto, tó ń jẹ́ Spiro báyìí, ti ń kó alùpùpù oníná fún àwọn ọlọ́kadà ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò: bí bátìrì bá tán, wọn a pàrọ̀ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ibùdó, kò sí pé èèyàn ń dúró kí ó kún.

Ti mọ́tò kò rọrùn bẹ́ẹ̀. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti yọ owó asọ́bodè àti owó orí ọjà (TVA) kúrò lórí ọkọ̀ tuntun tó ń lo iná tàbí tó ń lo iná pọ̀ mọ́ epo, àmọ́ tòkunbọ̀ ni ará Ṣábẹ̀ẹ́ ń rà, àǹfààní yẹn kò sì kàn án. Ethiopia ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ọdún 2024, ó fòfin de kíkó ọkọ̀ elépo wọlé pátápátá.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Mọ́tò oníná tó ní bátìrì 60 kWh lè rin nǹkan bí 350 kìlómítà. Ó lè ti Kútọnu dé Ṣábẹ̀ẹ́ láìdúró, ṣùgbọ́n kò lè lọ kó sì padà. Bí wọ́n bá kì í bọ iná ilé lásán tó ń fúnni ní nǹkan bí 2.3 kW, wákàtí 26 ni yóò gbà kó tó kún, bí SBEE, ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná Bẹ̀nẹ̀, kò bá mú iná lọ láàárín rẹ̀. Tòkunbọ̀ oníná tún ní ìṣòro tirẹ̀. Nissan Leaf tó jáde ní òpin ọdún 2010 ní bátìrì 24 kWh tí kò ní ẹ̀rọ tó ń tù ú lára, ooru Arizona ní Amẹ́ríkà sì tètè jẹ agbára rẹ̀ run. Ooru Collines kò ní ṣàánú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí olùrà béèrè iye agbára tó ṣẹ́ kù nínú bátìrì kó tó béèrè iye tó ti rìn.

Ẹni tí gbogbo ìrìn rẹ̀ kò kọjá Ṣábẹ̀ẹ́, Glazoué àti oko, tó sì ní pánẹ́ẹ̀lì oòrùn 5 kW lórí òrùlé, lè rí nǹkan bí 20 kWh lójúmọ́, ìyẹn ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà, láìra epo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Awakọ̀ èrò tó ń ná Kútọnu kò tíì sí nípò yẹn. Ọkọ̀ tó ń lo iná pọ̀ mọ́ epo, irú Toyota Prius tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1997, ló bá a mu jù ní báyìí, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n kì í bọ iná, epo tó sì ń mu kò tó ti Carina.