Ikùn Ńlá ní Etí Òkun Ìlàjẹ

Kí ẹ́ńjìnnì tó dé ìdí ọkọ̀, apá ènìyàn ni ó ń gbé ènìyàn rìn ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ìbáà ṣe ní Òde Màhín tí Amapẹtù ti ń jọba, ìbáà ṣe ní Òde Ùgbò tí í ṣe ìtẹ́ Olúgbò, kò sí ẹni tí ó lè dé ọjà, tàbí ojú àwọ̀n, tàbí ilé àna rẹ̀, bí kò bá di àjẹ̀ mú tàbí kí ó fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Nítorí náà àwọn ọmọ aláwọ̀n, ọmọ afomi-ṣọ̀nà, ọmọ afọkọ̀-ṣẹṣin, a máa fi àárọ̀ tukọ̀, wọn a fi ọ̀sán fa àwọ̀n, nígbà tí àwọn ìyá wọn nílé ń hun ẹní, tí wọ́n ń yan ẹja, tí wọ́n sì ń mọ ẹ̀gẹ́ rírẹ ní róbótó sókè iná títí èéfín yóò fi sọ ọ́ di púpurú.

Iṣẹ́ tí ó wá gba òógùn jù lọ ni iyọ̀ sísè. Iyanrìn etíkun kò gba iṣu, ṣùgbọ́n omi òkun kò lópin. Àwọn ará ibẹ̀ a máa sè é nínú ìkòkò títí yóò fi gbẹ ku iyọ̀, èyí tí àwọn oníṣòwò ń gbé gòkè lọ láti fi pààrọ̀ oúnjẹ oko. Igi tí a ó gé, omi tí a ó pọn, iná tí a ó máa dá: ẹni tí ó bá tọ ọ̀nà yìí dé ìdí iyọ̀ ti san gbèsè rẹ̀ kí ó tó fi ẹnu kàn án. Nígbà tí iyọ̀ inú àpò wá ń bá ọkọ̀ òyìnbó dé, ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í tutù.

Nínú irú làálàá bẹ́ẹ̀, ta ni yóò sanra? Ẹni tí ìwọ̀fà ń tukọ̀ fún ni, ikùn rẹ̀ a sì di ẹ̀rí ọlá rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń kí ẹni tí ara rẹ̀ kún pé ayé yẹ ẹ́, tí a sì ń bi ẹni tí ó rù pé kí ló dé. N kò dá àwọn àgbà lẹ́bi: ní ayé tí ibà àti ìyàn ń pa tọmọdé tàgbà, ẹran díẹ̀ lórí egungun kì í ṣe àṣejù.

Ibi tí n kò lè sáré kọjá ní Ìlàjẹ ni Ayétòrò. Ní 1947, àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tí wọ́n ti inú ìjọ Kérúbù àti Séráfù jáde, kọ́ ìlú sórí ẹrẹ̀ létí òkun, wọ́n kó owó gbogbo wọn sínú àpò kan, wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n sì ní ọkọ̀ ìpẹja ẹlẹ́ńjìnnì, débi pé Stanley Barrett, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà, kọ odidi ìwé kan ní 1977 lórí ìdìde àti ìṣubú wọn. Lójú tèmi, níbi tí a ti ń pín oúnjẹ ní dọ́gbadọ́gba, ikùn ńlá kò lè di àmì ìjòyè. Ṣùgbọ́n àpò kan náà tú, olúkúlùkù gba tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àjẹ̀. Búrẹ́dì, ìrẹsì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ń ti ìlú Igbókọ̀dá wọlé. Òkun sì ń jẹ ilẹ̀ náà lọ títí di òní.

Ní àkókò tí iṣẹ́ àti oúnjẹ ń yí padà báyìí, ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládipọ̀ Akínkúgbé, ọmọ Oǹdó, ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ará oko àti ará ìlú, iṣẹ́ tí òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ojo, gbé jáde ní 1969. Ní 1973, àwọn oníṣègùn Falase, Cole àti Osuntokun kọ̀wé lórí ìkọlù ọkàn láàrin àwọn ọmọ Nàìjíríà, àrùn tí àwọn dókítà ìgbà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí ó fi di 1997, ìgbìmọ̀ tí Akínkúgbé ṣe olórí rẹ̀ kéde pé nǹkan bí 11 nínú 100 àgbàlagbà ni ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, 160/95, ga ju 140/90 tí a ń lò báyìí lọ. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Àwọn onímọ̀ òkè òkun wá bá àlọ́ kan pàdé: nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, bí ìkọlù ọkàn bá dá ẹ̀mí sí, ẹni tí ó sanra díẹ̀ a máa pẹ́ láyé ju ẹni tí ó rù lọ. Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n ní ọ̀rá ni asà ọkàn. N kò gbà. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó rù jẹ́ arúgbó, tàbí amusìgá, tàbí ẹni tí àìsàn mìíràn ti jẹ lára. Ẹni tí ó sanra sì sábà máa ń kéré lọ́jọ́ orí nígbà tí àrùn náà bá a, nítorí pé ìsanra fúnra rẹ̀ ni ó fa ọjọ́ ibi náà súnmọ́. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, ìfúnpá, àti ọ̀rá tí ó kó jọ sí ikùn ni kí a béèrè. Ìwádìí INTERHEART, tí a ṣe ní orílẹ̀-èdè 52 tí a sì gbé jáde ní 2004, fi hàn pé ìwọ̀n ikùn sí ìdí ń sọ òtítọ́ ju bí ara ṣe wúwo tó lọ.

Iṣan ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Láàrin wákàtí díẹ̀, ó ti kú, bẹ́ẹ̀ omi ni a ó kọ́kọ́ là kọjá láti abúlé etíkun kí a tó kan ọ̀nà mọ́tò. Nítorí náà, ẹ̀yin ará wa, ẹ fi tépù télọ̀ wọn ikùn yín: bí ti ọkùnrin bá dé 94 sẹ̀ǹtímítà, tàbí ti obìnrin bá dé 80, ẹ lọ yẹ ìfúnpá àti ṣúgà wò, bí àyà bá sì fún yín pinpin tí òógùn ń bò yín, ẹ má ṣe dúró di àárọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ lóru ọjọ́ náà.